Nókọ́mẹ́ǹtì Kì í Ṣe Orúkọ Ọmọkùnrin

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ọjà Akẹ́sán. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi òtútù yìí, orúnkún mi méjèèjì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má baà sọ pé ẹni tó lọ sókè òkun ti gbàgbé ìkúnlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Ààfáà Lúkúmọ́nù: Bùọ̀dá, àsàlámù àléékúmù, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ kéú. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ará ẹ̀yìnkùlé, mo sì kí ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá tó ń fetí kọ́ ohun tí a ń sọ.

Rófíà, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí màmá létí, mo kí ìwọ náà. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́. Má fo ibì kankan. Bí o bá dé ibi tí mo ti bú ọ, kà á sókè. Ibi tí mo bá ti yìn ọ́ ni kí o rọra kà.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ gùn, tí mo sì fẹ́ kí ìwé ìròyìn gbé e. Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sí ilé wa nìkan. Ọ̀pọ̀ wa la fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wa, tí a wá ń fi fóònù tọ́ ọmọ, tí ọmọ náà sì ń fi fóònù wo ohun tí a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwé ìròyìn ò ní rí i àfi tí ẹ bá pè mí pé ẹ ti ṣe ohun tí mo máa bẹ̀ yín sí nísàlẹ̀.

Ara mi le, àlùhàmúdùlílàhì. Bọ́ọ̀sì ni mo ṣì ń wà, èyí tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá, ń ṣe ló ń sín bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Lásìkò tí a wà yìí, oòrùn á ti wọ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé tó délé. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èèyàn á wọ ọkọ̀, á jókòó, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Tí àárò yín bá ti ń sọ mí, Yorùbá ni mo fi ń dá wọn lóhùn, mo máa ń ní kí wọ́n máa rọra o. Kò yé ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ti tó mi. Owó oúnjẹ á wọlé bó ṣe máa ń wọlé, ẹ má ro ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Bùọ̀dá pè mí. Wọ́n ní Sìdí, ọmọ ẹ ti ń bá ọmọkùnrin kiri. Mo bi wọ́n pé ọmọkùnrin wo, wọ́n ní Nókọ́mẹ́ǹtì. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní Nókọ́mẹ́ǹtì lorúkọ ẹ̀, pé ó jọ pé àlejò ni, nítorí àwọn ti bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà, àwọn ti bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ìkóríta, kò sẹ́ni tó mọ ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kejì, iléèwé làwọn ń lọ, kí wọ́n yẹ rẹ́jísítà wò fún àwọn.

Fún ẹni tó bá ń kà á tí kò mọ ilé wa, bó ṣe jẹ́ rèé. Rófíà ni ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń gbé l'Ọ̀yọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀mù yìí ló ti ń pẹ́ dé láti iléèwé. Wọ́n á ti kírun àsárì tán kó tó yọjú. Ìyá mi wá dúró dè é lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan. Wọ́n bi í pé níbo ló ti ń bọ̀, wọ́n bi í pé ta ló bá lọ. Ọmọ wolẹ̀, ó ní nókọ́mẹ́ǹtì. Òyìnbó ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé mi ò ní nǹkan kan láti sọ. Nínú fíìmù ọlọ́pàá, òun ni ẹni tí wọ́n bá mú máa ń sọ, ohun yòówù kí wọ́n bi í. Ṣùgbọ́n ìdí òwú àti abẹ́rẹ́ ni ìyá mi ti lo ayé wọn, orúkọ èèyàn ni wọ́n gbọ́.

Ìyá mi, ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ ti bi í pé ta ló bá lọ, kí ló tún máa jẹ́ bí kò ṣe orúkọ? Ẹ wá tún bi í pé ọmọ ilé wo ni Nókọ́mẹ́ǹtì ọ̀hún, ó tún ní nókọ́mẹ́ǹtì. Ẹ ní háà! Ó tiẹ̀ ń fi í yangàn!

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Bùọ̀dá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ò rín. Wọ́n ní a dúpẹ́, wọ́n pa fóònù. Ẹ wo bí èmi náà ṣe dá kún un: ìgbà tí wọn ò rí ọmọkùnrin mú mọ́, fíìmù ni wọ́n mú. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ṣí i, wọ́n bá síríìsì àwọn ọlọ́pàá òyìnbó níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fa òkú jáde nínú odò ni wọ́n bá pàdé. Wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní fíìmù tó kọ́ ọmọ láti pa ẹnu mọ́ níwájú àgbà, kò sí ohun tí kò ní kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ti bá ọ̀rẹ́ àwọn kan sọ̀rọ̀ ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ilé kéú tí àwọn ọmọ ń sùn sí, kò sí tẹlifíṣàn níbẹ̀, kò sí fóònù. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ẹbí á jókòó, Rófíà á sì di ẹrù ẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹni tó ń bọ̀ nílé lọ́la ni màá fi rán, kó lè dé ọwọ́ yín kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ. Mo sì ní ìdí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo kọ́kọ́ wo síríìsì náà fúnra mi. Inú gáréèjì wa ni mo ti wò ó, lásìkò ìsinmi, pẹ̀lú ife tíì mi. Ẹ gbà mí o! Ọlọ́pàábìnrin tó ń ṣe olórí wọn kì í jẹun. Kì í kí èèyàn. Ó máa wọlé tọ ẹni tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò ní sọ pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, kò ní jókòó, á kàn máa bèèrè pé níbo lẹ wà lánàá. Èébú ń já bọ́ lẹ́nu gbogbo wọn. Mo dé ibi tí wọ́n ti so ọkùnrin kan mọ́ àga tí wọ́n ń lù ú, mo da fóònù dojú bolẹ̀, mi ò lè mu tíì mọ́. Ibẹ̀ yẹn, Bùọ̀dá jàre. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń dá wò lórí ibùsùn, mi ò sì ní torí pé ọmọ mi ni kí n pe dúdú ní funfun.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí o. Obìnrin kan wà tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ onílẹ̀ ni, ọmọkùnrin ẹ̀ sì tó Rófíà. Ó ní níbí, wọ́n máa ń kọ iye ọdún tó yẹ kí èèyàn jẹ́ sára irú fíìmù bẹ́ẹ̀, pé òun sì ti fi nọ́ńbà ti tẹlifíṣàn ilé òun pa. Mo bi í pé ṣé ọmọ ò wá wò ó mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ti ń wò ó báyìí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi sọ́kàn. Ohun tí a bá lé kúrò nílé, kì í ṣe pé ó kú, ó kàn lọ síbi tí a ò ti ní rí i ni. Nígbà tí mo wà ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń kàwé, gbogbo wa la máa ń kó ara wa jọ sínú yàrá kan tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀. Kò sí àgbà kankan láàárín wa. Ohun tí a wò níbẹ̀, Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wá pe Rófíà lórí fóònù yín. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ní a pẹ́ jù lórí fóònù. Mi ò bi í pé níbo ló ń lọ. Mo bi í pé nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn, ta ló fẹ́ràn jù. Ẹnu yà á pé mo mọ̀ wọ́n. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, mo ní aláboyún yẹn ló pa á, ó ní rárá o, màmi, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ó wá sọ apá kan fún mi, nípa ọmọbìnrin kan tí àgbàlagbà ọkùnrin kan máa ń ra nǹkan fún, tó máa ń dá a dúró lẹ́yìn àwọn yòókù, tó ní àṣírí àwọn méjèèjì ni, kó má sọ nílé. Ó sọ ìyẹn tán, mo gbọ́ tó ń fa imú. Mo ní kí ló dé, Rófíà mi. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn.

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ náà rèé. Rófíà ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ó máa ń wá ra òwú lọ́dọ̀ yín fún ìyá ẹ̀. Ọmọ náà ń lọ sí lẹ́sìnnì lẹ́yìn iléèwé. Tíṣà lẹ́sìnnì náà ti ń dá a dúró nígbà tí àwọn yòókù bá lọ. Ó ń ra ìpápánu fún un, ó ń pè é ní ìyàwó kékeré, ó ní kó má sọ nílé. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, ó sọ fún Rófíà, ó sì ní kí ó búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Rófíà búra. Ṣùgbọ́n ohun tó rí nínú fíìmù ò jẹ́ kó lè sùn. Ló bá di pé lójoojúmọ́, á bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Tíṣà á ní kó máa lọ sílé. Á ní òun ń dúró de ọ̀rẹ́ òun. Títí ọmọ yẹn á fi jáde, kò ní dìde. Títí di ọjọ́ tí mo pè é, tíṣà náà ò tíì rí àyè fọwọ́ kan ọmọ yẹn.

Ọmọ tí ẹ ń wá ọkọ ẹ̀ káàkiri ìlú, iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi ara mi pé ta ló kọ́ ọmọ yìí pé ẹni tó ń ra nǹkan fún ọmọdé, tó ní kó má sọ nílé, ewu ni? Èmi ò kọ́ ọ. Ẹ̀yin ò kọ́ ọ. Bùọ̀dá ò kọ́ ọ. Ojú máa ń ti àwa láti sọ irú ẹ̀ fún ọmọ, a kàn ń sọ pé kó ṣọ́ra, a kì í sọ ohun tó máa ṣọ́. Fíìmù tí a ń bú yìí ló là á lójú.

Òun náà ló sì dì í lẹ́nu. Ẹni tó wà níwájú ọlọ́pàá nínú fíìmù ń pa ẹnu mọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bá sọ lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ọgbọ́n ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rófíà tó máa sọ fún un pé Rófíà, màmá kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tó ń bi ọ́ léèrè nílé, òun náà ló máa wọ ìjà fún ọ. Ó mú ọ̀rọ̀ tó wà fún àgọ́ ọlọ́pàá, ó lò ó lẹ́nu géètì ìyá ẹ̀ àgbà. Rófíà, ibi tí mo ti bú ọ nìyẹn. Kà á sókè.

Ẹ̀yin náà, Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ o. Tí ọmọ bá ti iléèwé dé tó bá wa ní ìdúró lẹ́nu géètì, tí a ń bi í pé níbo lo wà, ta lo bá lọ, kí lẹ ṣe, tí a ò tíì ní kó mu omi, ó jọ àgọ́ ọlọ́pàá díẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àlọ́ tí ẹ ń pa fún wa, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni? Ìyálé ń ti ọmọ orogún sí kànga. Ìjàpá ń jalè, ó ń purọ́, ó ń ti ọ̀rẹ́ sínú iná. Ọba á ti bẹ́ orí èèyàn kí a tó jẹ ẹ̀kọ tán. Òkú tí mo rí nínú àlọ́ yín pọ̀ ju ti fíìmù òyìnbó lọ, ẹ má sì bá mi jiyàn. Kí ló dé tí kò bà wá jẹ́? Ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀. Tí ẹ̀rù bá bà wá, a máa sún mọ́ yín. Tí àlọ́ bá sì parí, ẹ ò ní jẹ́ kí a dìde, ẹ máa bi wá níkọ̀ọ̀kan pé kí la rí kọ́. Ẹni tó bá sọ ìsọkúsọ, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa bá a tún un ṣe. Fíìmù kì í béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Bí ọ̀kan bá ti parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá wá bi mí pé ṣé ó yẹ kí ọmọ tó ń bàlágà máa wo fíìmù ọlọ́pàá tó le bẹ́ẹ̀, mo ní ó yẹ, tí àgbà bá wà nítòsí. Àdáwò ni kò yẹ. Pálọ̀ yín ni kó ti máa wò ó, lórí tẹlifíṣàn, kí rìmóòtù wà lọ́wọ́ yín. Ibi tí wọ́n bá ti ń so èèyàn mọ́ àga, ẹ pa á. Ibi tí kò bá yé yín, kí Rófíà túmọ̀ ẹ̀; òyìnbó ẹ̀ á tún já gaara. Tó bá parí, ẹ bi í pé kí ló rí kọ́. Bùọ̀dá, kí ẹ̀yin náà máa yà síbẹ̀ tí àwọn ọmọ kéú bá ti lọ. Mo mọ̀ yín. Ọ̀sẹ̀ kejì ò ní pé tí ẹ ó fi máa pè mí pé Sìdí, ta ló pa ọkùnrin yẹn gan-an.

Mi ò bá kéú jà, Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ mi mú gègé. Ẹ máa kọ́ Rófíà ní kéú nínú ilé wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e lọ sí Sábó lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di Mọ́ńdè, ta ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn?

Mo lè pè yín kí n sọ gbogbo èyí lórí fóònù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Ẹnu tó sọ nókọ́mẹ́ǹtì sí yín, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Mo bẹ Rófíà kí n tó kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun ti búra. Mo ní ìbúra tó bá ń bo ìkà mọ́lẹ̀, Ọlọ́run ò béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó pẹ́ kó tó gbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí mo kọ yìí, á jẹ́ pé ó kà á. Á jẹ́ pé kò fo ibì kankan.

Rófíà, ó tó. Gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ ná. Bá màmá mú ìborùn wọn, fi bàtà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ìyá mi, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọmọ yẹn nísinsìnyí, ẹ má dúró de Jímọ̀. Ẹ má bi ọmọ náà léèrè ní ìdúró. Ẹ jókòó, ẹ gba omi, kí Rófíà sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Bùọ̀dá, ẹsẹ̀ tí ẹ fi wá Nókọ́mẹ́ǹtì kiri, òun la nílò báyìí. Ẹ wé láwàní yín, ẹ bá àwọn òbí ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ tíṣà lẹ́sìnnì yẹn. Ẹni tó yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó sì ní orúkọ. Àdúrà ló kù nínú lẹ́tà yìí, ẹ ó wá kà á tí ẹ bá padà dé.

Ẹ káàbọ̀, Ìyá mi. Ẹ kú ìrìn. Rófíà, káàbọ̀, o ṣeun, ọmọ mi. Bọ́ bàtà màmá, fún wọn lómi.

Ẹsẹ̀ tí ẹ fi lọ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹun ọmọ ọmọ. Ojú wa ò ní rí ibi lára àwọn ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn ọmọ ò ní rí ibi kí wọ́n má rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lókè àti nísàlẹ̀, ẹ kí àwọn wẹ́dà àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí a dà láàmú, kí ẹ sì sọ fún wọn pé a ti rí ẹni tí à ń wá.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Sìdíkátù